Fífi N2O láti inú ilẹ̀ oko orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn: kí la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú dọ́gba?

Àkànbí_Ilẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń to tábìlì kan tí yóò fi N2O (náítírọ́ọ̀sì ọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ kan tó ń mú ayé gbóná) tó ń jáde láti inú ilẹ̀ oko Nàìjíríà wé ti Bràsílì, Írẹ́lándì, Ọsirélíà àti Ṣáínà. Ti Nàìjíríà àti Ṣáínà, inú FAOSTAT, àkójọ ìṣirò àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé (FAO), ni mo ti mú un. Ti Írẹ́lándì àti Ọsirélíà wá láti inú àkọsílẹ̀ tí ìjọba wọn fi ránṣẹ́ sí UNFCCC, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé lórí ojú ọjọ́. Ti Bràsílì, inú ìròyìn àtijọ́ kan tí wọ́n fi ìlànà IPCC (ìgbìmọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé) ti ọdún 1996 ṣe ni. Tọ́ọ̀nù CO2 àfiwé, ìyẹn iye CO2 tó lè mú ayé gbóná bákan náà, ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ṣé mo lè tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyìí? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí kí n lè tẹ̀ lé e.

ÌyáOníṣirò

Ẹ má tíì tò wọ́n, Àkànbí. Òṣùwọ̀n mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú tábìlì yẹn. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ga ju èkejì lọ níbẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ rẹ̀ ló ń tú afẹ́fẹ́ jáde jù ni tàbí òṣùwọ̀n rẹ̀ ló gùn jù.

Ẹ jẹ́ ká mú hẹ́kítà àgbàdo kan. Àpò NPK 15-15-15 mẹ́rin àti àpò yúríà méjì ni wọ́n dà sí i, 50 kg ni àpò kọ̀ọ̀kan. NPK: 200 kg × 0.15 = 30 kg náítírójìn. Yúríà: 100 kg × 0.46 = 46 kg. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 76 kg N.

Ìlànà IPCC ọdún 2006 sọ pé 1% nínú N yìí ló ń jáde tààrà bí N2O. Ìdá yẹn ni wọ́n ń pè ní EF1. 76 × 0.01 = 0.76 kg, ṣùgbọ́n náítírójìn inú N2O nìkan nìyẹn. Kí ó tó di N2O gan-an, ẹ fi 44 pín sí 28 sọ ọ́ di púpọ̀: 0.76 × 44/28 = 1.19 kg N2O. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé 44/28 yìí, èsì wọn á sì kéré sí òótọ́ ní ìdá mẹ́rìn-dín-ní-ogójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá wo CO2 àfiwé. Iye tí a fi ń sọ N2O di CO2 ti yí padà léraléra. Nínú ìròyìn kejì IPCC, 310 ni. Nínú ìkẹrin, 298. Nínú ìkarùn-ún, 265. Nínú ìkẹfà, 273. Pẹ̀lú 1.19 kg kan náà, ẹ ó rí nǹkan bí 370 kg lọ́wọ́ ẹni tó lo 310, àti nǹkan bí 316 kg lọ́wọ́ ẹni tó lo 265. Hóró ajílẹ̀ kan kò yí padà nínú oko náà. FAOSTAT ń lo ti ìròyìn karùn-ún, àwọn ìròyìn tuntun lábẹ́ Àdéhùn Paris náà sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ìròyìn Bràsílì tó wà lọ́wọ́ yín yóò ti lo òmíràn.

Nítorí náà, ẹ ju gbogbo CO2 àfiwé nù. Ẹ lọ mú N2O fúnra rẹ̀, ní kílótọ́ọ̀nù. FAOSTAT ní i. Nínú àwọn tábìlì UNFCCC, abala 3.D ni ẹ ó ti rí i.

ErùpẹDúdú

Òótọ́ ni ÌyáOníṣirò sọ, àmọ́ GWP, iye tí a fi ń sọ N2O di CO2 yẹn, ló rọrùn jù láti tún ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni EF1 fúnra rẹ̀.

FAOSTAT ń lo 1% fún gbogbo ayé, oko ìrèké olómi àti oko ọkà Sahel bákan náà. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti wọn ilẹ̀ wọn fúnra wọn kì í lò ó mọ́. Amẹ́ríkà ń lo DayCent, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò omi, ooru àti náítírójìn inú ilẹ̀ lójoojúmọ́. Kánádà ń wo òjò tó rọ̀ sí ibi kọ̀ọ̀kan àti iye omi tí oòrùn lè fà lọ níbẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹn yan ìdá tó ń jáde. New Zealand ya ìtọ̀ ẹran sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́, wọ́n sì tún ń wo bí òkè pápá náà ṣe dagun tó. Ní Ọsirélíà, oko ìrèké ní ìdá tó sún mọ́ 2%, àlìkámà tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ gbígbẹ kò sì tó 0.5%. Írẹ́lándì ya irú ajílẹ̀ sọ́tọ̀: CAN (ajílẹ̀ tó ní amóníà àti náíréètì pọ̀) ju 1% lọ níbẹ̀, yúríà kò tó 0.5%, nítorí pé náíréètì inú CAN ti ṣetán fún àwọn kòkòrò àìfojúrí láti sọ di N2O lójú ọjọ́ tí ilẹ̀ pápá wọn bá rin gbingbin.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí tábìlì yín. Bí ẹ bá rí i pé Ọsirélíà kéré lórí kg N kọ̀ọ̀kan, tí Nàìjíríà sì ga, ó lè jẹ́ pé Ọsirélíà lo ìdá ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n wọ̀n lóko, tí wọ́n sì fi 1% lé Nàìjíríà lórí láìwọn ohunkóhun. Ẹ̀dùn ọkàn ni fún mi bí mo bá rí i tí wọ́n gbé irú tábìlì bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn tó ń ṣe òfin.

IPCC tún EF1 ṣe lọ́dún 2019. 1% ṣì wà fún ẹni tí kò lè ya nǹkan sọ́tọ̀. Fún ẹni tó bá lè yà á: ajílẹ̀ oníkẹ́míkà níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù (ìyẹn ibi olójò, kì í ṣe ibi olótùútù), 1.6%; ìgbẹ́ ẹran, kọ́ńpóòsì àti ìyókù irè oko níbi tó tutù, 0.6%; ohun gbogbo níbi gbígbẹ, 0.5%. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, òjò tó ju 1000 mm lọ lọ́dún ni wọ́n ń pè ní tutù. Ìbàdàn wà nínú tutù, Maiduguri wà nínú gbígbẹ. Pẹ̀lú 76 kg N yẹn, Ìbàdàn á fún yín ní 1.91 kg N2O, Maiduguri á fún yín ní 0.60 kg. Ìlọ́po mẹ́ta lé díẹ̀, lórílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

Adébísí_Sóyà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Bràsílì kún un, nítorí ibẹ̀ ni tábìlì yín yóò ti dàrú jù.

Ìlànà 1996 ní kí ẹ ka náítírójìn tí ẹ̀wà sóyà àti àwọn irúgbìn ẹlẹ́pà fà láti inú afẹ́fẹ́ mọ́ ohun tó ń tú N2O jáde, kí ẹ sì fi 1.25% lé e. Ìlànà 2006 yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lóko kò fi hàn pé fífà náítírójìn fúnra rẹ̀ ń tú N2O tó nǹkan jáde. Ìyókù igi, ewé àti gbòǹgbò tó kù sóko lẹ́yìn ìkórè nìkan ni wọ́n ń kà báyìí. EF1 náà sọ̀kalẹ̀ láti 1.25% sí 1%.

Sóyà Bràsílì fẹ́ bí òkun, ajílẹ̀ náítírójìn tí wọ́n ń fi sí i kò sì tó nǹkan. Ìròyìn 1996 á fi ilẹ̀ Bràsílì hàn bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ńlá níbi tí kò ti dẹ́ṣẹ̀. Argentina náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ju ìròyìn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wá èyí tí wọ́n tún ṣírò pẹ̀lú ìlànà 2006. Bí Bràsílì bá ṣe ìròyìn tuntun, wọ́n máa ń tún ọdún àtẹ̀yìnwá ṣírò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1990, torí náà ẹ kò ní pàdánù àwọn ọdún àtijọ́.

Àkànbí_Ilẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, kí ló fà á tí omi fi yí nǹkan padà tó bẹ́ẹ̀? Ìkejì, mo rí i ní FAOSTAT pé ohun tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà kì í ṣe ajílẹ̀, ìgbẹ́ tí ẹran ń yà sórí pápá ni. Ṣé òótọ́ ni?

ErùpẹDúdú

Ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ̀yà kòkòrò àìfojúrí méjì ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Àwọn kan ń sọ amóníà di náíréètì, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni wọ́n nílò, N2O díẹ̀ sì máa ń jò lọ́wọ́ wọn. Àwọn kejì ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọ́síjìn ti tán: náíréètì ni wọ́n ń fi mí dípò rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di N2O, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ N2O di N2 tí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Bí omi bá kún nǹkan bí 60% sí 80% nínú àwọn ihò inú ilẹ̀, iṣẹ́ kejì á bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní parí, N2O á sì sá jáde lágbedeméjì. Bí omi bá kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ náà kò rí ọ̀nà sá, wọ́n á sọ ọ́ di N2 kí ó tó jáde. Ìdí nìyẹn tí oko ìrẹsì tí omi dúró sí fi kéré: 0.3% ni IPCC 2006 fún un. Bí wọ́n bá ń fa omi náà sílẹ̀ tí wọ́n sì ń dá a padà, ìtọ́sọ́nà 2019 sọ pé 0.5%. Àwọn tó ń fa omi sílẹ̀ láti dín mẹ́téènì kù ní Ṣáínà àti Íńdíà gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ ọn.

Ilẹ̀ kíkan náà ń dá kún un. Èròjà tó ń sọ N2O di N2 kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí pH bá lọ sílẹ̀. Oko méjì lè gba òjò kan náà àti ajílẹ̀ kan náà, kí èyí tó kan tú N2O jáde jù.

Síbẹ̀, tutù nìkan kò tó. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, níbi tí òjò ti ju 1000 mm lọ, ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lóko àgbàdo fi ìdá tó kéré sí 1% púpọ̀púpọ̀ hàn, àní nígbà tí ajílẹ̀ dé 200 kg N lórí hẹ́kítà kan. Bí a bá fi 1.6% lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ti bú u lásán. Ibi tí ilẹ̀ ti rẹ̀, tí ebi náítírójìn ti ń pa irúgbìn, gbòǹgbò á ti gbé ajílẹ̀ kí kòkòrò tó rí i.

ÌyáOníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹran. Òótọ́ ni, Àkànbí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà bẹ́ẹ̀ ló rí: ajílẹ̀ kéré, ẹran pọ̀ lórí pápá. Ní Abújà lọ́dún 2006 àwọn olórí Áfíríkà pinnu pé kí ajílẹ̀ dé 50 kg èròjà lórí hẹ́kítà kan kí ọdún 2015 tó parí. Nàìjíríà kò dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí ìdá tí wọ́n ń lò. Ìlànà 2006 sọ pé 2% nínú náítírójìn ìgbẹ́ àti ìtọ̀ màlúù ló ń di N2O. Ti 2019 sọ pé 0.4%; bí ẹ bá ya ojú ọjọ́ sọ́tọ̀, 0.6% níbi tutù, 0.2% níbi gbígbẹ. Ká sọ pé màlúù kan ń ya 40 kg N sórí pápá lọ́dún. Ìlànà 2006: 0.8 kg N2O-N (náítírójìn inú N2O nìkan). Ìlànà 2019 ní ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ọ̀pọ̀ màlúù Nàìjíríà wà: 0.08 kg. Ìdá kan nínú mẹ́wàá! Ìlànà 2006 ni FAOSTAT ń tẹ̀ lé. Orílẹ̀-èdè tó bá ti lọ sí 2019 á dà bí ẹni tó ta màlúù rẹ̀ tán lóru kan.

Lójú tèmi, ìlà yìí ló yẹ kí ẹ ṣàlàyé jù lọ nínú gbogbo tábìlì náà. Bí ẹ kò bá lè tún un ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè márààrún, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ajílẹ̀, kí òǹkàwé má baà rò pé yúríà ló fà á.

Ọlọ́jà_Yúríà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kg N fúnra rẹ̀, torí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ìyẹn dájú.

Iye ajílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè ń lò kì í ṣe ohun tí ẹnì kan kà lóko. Wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ ni: ohun tí wọ́n ṣe, kún ohun tí wọ́n kó wọlé, yọ ohun tí wọ́n kó jáde. Nàìjíríà ti di olùṣe yúríà ńlá. Indorama ń ṣe é ní agbègbè Port Harcourt, ilé iṣẹ́ Dangote ní Lẹ́kki tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022 sì lè ṣe mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́dún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí òkè òkun, Bràsílì wà lára àwọn tó ń rà á. Ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀ tó láti mú kí “ìlò” Nàìjíríà fò sókè lọ́dún kan, kí ó sì já wálẹ̀ lọ́dún kejì. Bẹ́ẹ̀ ni àpò tó gba ẹnu ibodè lọ sí Benin àti Niger láìsí ìwé: Nàìjíríà ni wọ́n á kà á sí lọ́rùn.

Yúríà tún ń lọ síbi tí kì í ṣe oko: gọ́ọ̀mù pákó, oúnjẹ ẹran, omi tí wọ́n ń dà sí ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì láti fọ èéfín. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ti yọ ìwọ̀nyí. Ẹ lo àròpín ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí ẹ má lo ọdún kan ṣoṣo. Kí ẹ sì wò ó bóyá tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ ni wọ́n kọ tàbí tọ́ọ̀nù N. Ẹni tó bá ka yúríà sí N ti sọ 46 di 100.

Àkànbí_Ilẹ̀

Èyí yé mi dáadáa. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ń béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn wọn tiwa ní Nàìjíríà, ká ní ìdá tiwa. Kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà?

ErùpẹDúdú

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nìyẹn. Ohun èlò rẹ̀ kò le. Sùúrù ló gbà.

Férémù irin tàbí ike ni ẹ ó kọ́kọ́ rì sínú ilẹ̀, nǹkan bí 10 cm, ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Bí ẹ bá rì í tí ẹ sì wọ̀n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ tú á da afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ ó sì rò pé ajílẹ̀ ni. Àpótí tó ní ìdérí tí ń tan oòrùn padà ni ẹ ó fi bo férémù náà, pẹ̀lú rọ́bà tàbí omi yí ká etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má jò, àti ihò tín-ín-rín kan tí kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn ìta ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ẹ fi sírínjì fa afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú 0, 15, 30 àti 45, kí ẹ tì í sínú ìgò kékeré tí ẹ ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kún ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ìta má baà wọlé bí ìdérí bá ń jò. Ẹ kó ìgò mélòó kan tí ẹ mọ iye tó wà nínú wọn lọ sóko, kí ẹ sì kó wọn bọ̀. Bí iye wọn bá yí padà, àwọn ìgò yòókù náà ti yí padà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ń yàn, torí ooru ilẹ̀ ìgbà náà sún mọ́ àròpín ọjọ́.

Àpẹẹrẹ ìṣirò: àpótí ga ní 0.20 m, N2O inú rẹ̀ gòkè láti 336 sí 396 ppb (ìdá nínú bílíọ̀nù kan) láàárín ìṣẹ́jú 30. Ìyẹn jẹ́ 120 ppb ní wákàtí kan. Ní 25°C, 40.9 mol afẹ́fẹ́ ló wà nínú mítà onígun mẹ́ta kan. 120 × 10⁻⁹ × 0.20 × 40.9 × 28 g = nǹkan bí 27.5 máíkírógíráàmù N lórí mítà onígun kan ní wákàtí kan. Lórí hẹ́kítà, 6.6 g N lójúmọ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kùnà nìyí. Wọ́n á gbé àpótí sáàárín ebè nìkan, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀bá gbòǹgbò ni wọ́n bu ajílẹ̀ sí. Wọ́n á máa wọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn òjò ńlá ni púpọ̀ nínú ti gbogbo ọdún jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n lójoojúmọ́ lẹ́yìn ajílẹ̀ àti lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n á dáwọ́ dúró nígbà ìkórè, nígbà tí ìdá IPCC jẹ́ ti gbogbo ọdún. Ní Kánádà àti àwọn ilẹ̀ olótùútù, àkókò tí yìnyín bá ń yọ́ ni N2O ń tú jáde jù. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 rí i pé ẹni tó bá fo àkókò yẹn yóò dín iye N2O ilẹ̀ oko gbogbo ayé kù ní 17% sí 28%.

Èyí tó burú jù: wọn kì í fi apá kan sílẹ̀ láìsí ajílẹ̀. EF1 ni N2O-N oko tó gba ajílẹ̀, yọ ti oko tí kò gbà á, pín sí kg N tí ẹ dà. Láìsí oko òfo, kò sí ìdá.

Adébísí_Sóyà

Mo fi kún un pé kí wọ́n fi ó kéré tán ipele ajílẹ̀ mẹ́rin ṣe é. N2O kì í gùn ní ìlà títọ́ bí ajílẹ̀ ṣe ń pọ̀. Ó máa ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ajílẹ̀ á fi kọjá ohun tí irúgbìn lè gbé, lẹ́yìn náà á fò sókè. Ìwádìí ọdún 2010 kan tó kó ọ̀pọ̀ oko jọ fi hàn pé N2O lórí kg náítírójìn tí irúgbìn gbé mì kéré jù níbi nǹkan bí 180 sí 190 kg N lórí hẹ́kítà, ó sì gòkè gan-an lókè ibẹ̀. Nítorí náà, Àkànbí, ẹ má fi hẹ́kítà nìkan ṣe ìfiwéra. Lórí hẹ́kítà, Nàìjíríà á dára, Ṣáínà á burú. Lórí tọ́ọ̀nù àgbàdo, àlàfo náà á dín kù, torí oko tí kò so dáadáa ń pín N2O ilẹ̀ rẹ̀ sórí irè díẹ̀. Ẹ gbé òpó méjèèjì síbẹ̀.

Ṣáínà fúnra rẹ̀ ti ń yí padà. Lọ́dún 2015 ìjọba wọn ṣe ètò pé kí ìlò ajílẹ̀ má pọ̀ sí i mọ́ tó bá di 2020, ìgòkè N2O wọn sì ti rọlẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2015. Bí ẹ bá lo ọdún 2010 fún Ṣáínà àti 2020 fún ẹlòmíràn, ẹ ti ṣi àwòrán náà mú.

Àkànbí_Ilẹ̀

Ó dáa. Èyí ni mo fẹ́ ṣe: N2O ní kílótọ́ọ̀nù, ìlànà 2006 fún gbogbo wọn láti FAOSTAT, àròpín 2018 sí 2022, ajílẹ̀ sọ́tọ̀, ẹran orí pápá sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, òpó kejì fún iye tí ìjọba fúnra wọn kọ. Kí ni mo fò?

ÌyáOníṣirò

Nǹkan mẹ́ta. Èyí tí kò jáde tààrà: apá kan nínú N á fò lọ bí amóníà, omi á fọ apá kan lọ sínú odò, N2O á sì jáde níbẹ̀. Pẹ̀lú 76 kg wa àti ìlànà 2006: 76 × 0.10 × 0.01 = 0.076, 76 × 0.30 × 0.0075 = 0.171. Àpapọ̀ 0.247 kg N2O-N, tí í ṣe 0.39 kg N2O, ó tó ìdá mẹ́ta ti tààrà. Ẹ ṣọ́ra, ibi tí òjò kò ti tó láti fọ ilẹ̀ wọlé, wọn kì í ka ìdá 0.30 yẹn rárá. Ẹ wo 3.D.2 nínú tábìlì UNFCCC, kí ẹ rí i pé ẹ ti mú un kúrò tàbí kí ẹ ti mú un wọlé fún gbogbo wọn.

Ìkejì ni ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ. Kò kan ajílẹ̀ rárá. Hẹ́kítà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, 8 kg N2O-N lọ́dún nílẹ̀ olótùútù lábẹ́ ìlànà 2006. Hẹ́kítà kan irú rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ ti àgbàdo tí a ń sọ. Írẹ́lándì ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má pín in sórí kg N, ẹ fi sí ìlà tirẹ̀.

Ìkẹta, 3.D.1.e, N2O tó ń jáde bí ilẹ̀ bá ń pàdánù èérún ewéko inú rẹ̀. Ìjọba kan á kà á, FAOSTAT kì í kà á. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú òpó kejì kí òpó méjèèjì lè bára mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan. 1% ti ìlànà 2006 lè jẹ́ 0.3%, ó lè jẹ́ 3%. Bí orílẹ̀-èdè méjì bá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ju ara wọn lọ nínú tábìlì yín, ẹ má kọ̀wé pé ọ̀kan ju èkejì lọ.